Mayer Amschel Rothschild: Kí ló gbé òwò ilé rẹ̀ ró láti ìgbà náà títí di òní?

Àkàndé Oníwèé (ẹni tó dá ìjíròrò sílẹ̀):

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, nígbà tí a ń wádìí ìdí tí òwò fi máa ń bá olówò wọ káà ilẹ̀ lọ́dọ̀ tiwa, ẹnìkan mẹ́nu ba ìdílé Rothschild, àwọn oníbáńkì nílẹ̀ Yúróòpù, a kò sì dúró lórí rẹ̀. Mo ṣèlérí nígbà náà pé n ó padà wá sọ ìtàn bàbá tó dá òwò náà sílẹ̀, nítorí orúkọ ìdílé ni ọ̀pọ̀ nínú wa mọ̀, a kò mọ bàbá.

Oṣù kejì ọdún 1744 ni wọ́n bí Mayer Amschel Rothschild ní ìlú Frankfurt, ní ilẹ̀ Jámánì. Júù ni, òpópónà kan ṣoṣo ni àwọn aláṣẹ ìlú náà sì fún àwọn Júù láti máa gbé láti nǹkan bí ọdún 1462. Judengasse ni wọ́n ń pe òpópónà náà. Gígùn rẹ̀ tó nǹkan bí 330 mítà, fífẹ̀ rẹ̀ kò ju mítà mẹ́ta sí mẹ́rin lọ ní ọ̀pọ̀ ibi, bẹ́ẹ̀ nǹkan bí 3,000 ènìyàn ló há mọ́ inú rẹ̀. Alẹ́ lẹ́, wọ́n á ti ilẹ̀kùn ẹnu ọ̀nà rẹ̀ pa. Bẹ́ẹ̀ náà ni lọ́jọ́ Sunday àti lọ́jọ́ ọdún àwọn Kristẹni. Ìgbéyàwó méjìlá péré ni òfin gbà wọ́n láyè láti ṣe lọ́dún. Àmì ara ilé ni wọ́n fi ń mọ ilé níbẹ̀, ilé tí baba ńlá rẹ̀ ti gbé rí sì ní asà pupa lára, ìyẹn ni ìtumọ̀ Rothschild. Ìdílé náà ti kó kúrò nínú ilé yẹn kí wọ́n tó bí i, ṣùgbọ́n orúkọ náà ti lẹ̀ mọ́ wọn.

Àjàkálẹ̀ àrùn mú bàbá rẹ̀ lọ ní ọdún 1755, ìyá rẹ̀ sì tẹ̀ lé e lọ́dún kejì. Ọmọ ọdún méjìlá ni. Ó ti ń kọ́ ẹ̀kọ́ ìsìn nílùú Fürth tẹ́lẹ̀, bí ìbá sì ṣe pé àwọn òbí rẹ̀ wà láàyè ni, ó ṣeé ṣe kó di rábì, ìyẹn olùkọ́ ìsìn àwọn Júù. Àwọn mọ̀lẹ́bí rán an lọ sí Hanover, sí ilé báńkì ìdílé Oppenheim, láti kọ́ṣẹ́. Ibẹ̀ ló ti mọ owó ẹyọ àtijọ́ dáadáa, irú èyí tí àwọn ọlọ́lá máa ń kó jọ bí ẹni kó ìlẹ̀kẹ̀. Nígbà tó padà sí Frankfurt, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ta owó ẹyọ wọ̀nyí fún Wilhelm, ọmọ ọba ilẹ̀ Hesse, ní ọdún 1769 wọ́n sì gbà á láyè láti kọ ọ́ sára ilé rẹ̀ pé oníṣòwò ààfin ni òun. Ọdún kejì ló gbé Gutle Schnapper níyàwó. Ọmọ mẹ́wàá ló yè fún wọn: ọkùnrin márùn-ún, obìnrin márùn-ún.

Ohun tí mo fẹ́ kí a yẹ̀ wò ni ìwé méjì tó kọ nígbà tó darúgbó. Ti àkọ́kọ́ ni àdéhùn àjọṣe òwò ti oṣù kẹsàn-án ọdún 1810, tó sọ òwò náà di ti bàbá àti àwọn ọmọkùnrin rẹ̀. Ti kejì ni ìwé ìhágún tó fọwọ́ sí ní ọjọ́ 17 oṣù kẹsàn-án ọdún 1812, nígbà tí ikú ku ọjọ́ méjì. Èrò tèmi ni pé ìwé méjèèjì yìí ló gbé ilé náà ró ju owó tó fi sílẹ̀ lọ. Ẹ sọ tiyín.

Ìyálọ́jà Kékeré:

Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n Àkàndé, ṣùgbọ́n ẹ fo ibi tó dùn mí jù. Mo ti ka ohun tó wà nínú ìwé ìhágún náà rí. Bàbá yìí ní àwọn ọmọbìnrin òun, àwọn ọkọ wọn àti àwọn àrọ́mọdọ́mọ wọn kò gbọdọ̀ ní ìpín kankan nínú òwò náà, wọn kò sì gbọdọ̀ ní ẹ̀tọ́ láti wo ìwé ìṣirò rẹ̀ pàápàá. Ó ní ẹni tó bá da àwọn ọmọkùnrin òun láàmú lórí ọ̀rọ̀ náà, òun kò ní dárí jì í. Ọmọ márùn-ún tí ó bí nínú ara rẹ̀ ló ń bá wí bẹ́ẹ̀ o!

Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí tó fi ká mi lára. Ọdún mọ́kànlá ni mo fi jókòó ti bàbá mi ní ìsọ̀ aṣọ. Èmi ni mo mọ ẹni tó jẹ wá lówó, èmi ni mo mọ èyí tí àwọ̀ rẹ̀ ń ṣí nínú àdìrẹ àti èyí tí kì í ṣí. Nígbà tí bàbá jáde láyé, àwọn ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin tí wọn kò wọ ọjà rí pín ìsọ̀ náà, wọ́n sì tà á kí ọdún tó yí po. Bẹ́ẹ̀ nílẹ̀ Yorùbá, ọmọ lọmọ ń jẹ́: ọmọbìnrin ń jogún bàbá rẹ̀, kò sí àṣà tó ní kó má jogún. Nítorí náà, bí ẹ bá fẹ́ kí a yin Mayer Amschel, n ó yìn ín nítorí ọgbọ́n rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe retí pé kí n pàtẹ́wọ́ fún ìwé ìhágún yẹn.

Oníṣirò:

Ìyálọ́jà, ọ̀rọ̀ yín kò ṣeé já ní koro. Síbẹ̀, ẹ jẹ́ kí n fi ojú ẹni tó ń tọ́jú ìwé owó wo ọ̀rọ̀ náà, bóyá yóò yé wa bí ìwé méjèèjì ṣe ṣiṣẹ́.

Kì í ṣe pé bàbá yìí kú tán kí wọ́n tó pín ogún. Ó ti ta ìpín tirẹ̀ nínú òwò fún àwọn ọmọkùnrin rẹ̀ ní 190,000 gulden (owó tí wọ́n ń ná ní Frankfurt nígbà náà) kí ó tó kú, owó tó kéré gan-an sí ohun tí ìpín náà tó. Nítorí náà, nígbà tí ó mí èémí ìkẹyìn, kò sí òwò nínú ohun tí wọ́n fẹ́ pín mọ́. 190,000 gulden yẹn ni ìyàwó rẹ̀ àti àwọn ọmọbìnrin jogún. Bí àwọn àna bá pe ẹjọ́, kí ni wọn yóò pè é lé lórí? Ìwé òwò ni ilé ẹjọ́ ìbá bèèrè, ó sì ti sọ pé wọn kò gbọdọ̀ rí i. Ọkàn mi kò gbà á pé ó dára, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé agbẹjọ́rò tó mọ iṣẹ́ ló wà lẹ́yìn rẹ̀.

Ohun mìíràn wà nínú àdéhùn ọdún 1810. Nathan, ọmọ kẹta lọ́kùnrin, kò sí nínú rẹ̀. Ẹni tí kò bá mọ̀ yóò rò pé bàbá ti kọ̀ ọ́ lọ́mọ. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé Nathan ti ń ṣòwò nílùú Lọ́ńdọ̀nù, Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì ń jagun, Frankfurt sì wà lábẹ́ agbára Napoleon, ọba Faransé. Bí orúkọ rẹ̀ bá hàn nínú ìwé náà, wọn yóò ní ìdílé náà ń bá ọ̀tá dòwò pọ̀. Wọ́n fi ìpín Nathan pamọ́ sábẹ́ ti bàbá rẹ̀. Ẹ wo irú ìfọkàntán tó wà nínú ìyẹn: ọmọ kan wà lókè òkun tí kò ní bébà kankan lọ́wọ́ tí yóò fi gba ẹ̀tọ́ rẹ̀, kò sì bẹ̀rù.

Ọmọ Alágbẹ̀dẹ:

Gbogbo èyí tí ẹ ń sọ dára, ṣùgbọ́n ẹ kò tíì kan ibi tí ọ̀rọ̀ wà. Ohun tí à ń gbọ́ káàkiri ni pé wọ́n ti mọ̀ pé Napoleon ti fìdí rẹmi lójú ogun Waterloo ní ọdún 1815 kí ẹnikẹ́ni tó mọ̀, wọ́n sì fi ìròyìn náà kó owó gbogbo ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì jọ lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Àti pé àwọn ló ni báńkì àgbà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti ti gbogbo ayé títí di òní. Ṣé irọ́ ni gbogbo ayé ń pa ni?

Bàbá Olùkọ́:

Ọmọ mi, ìbéèrè rẹ dára, nítorí a kò lè sọ ìtàn ọkùnrin yìí kí a má mẹ́nu kan èyí tí wọ́n gbé wọ̀ ọ́ lọ́rùn.

Báńkì àgbà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti wà láti ọdún 1694, àádọ́ta ọdún kí wọ́n tó bí Mayer Amschel. Ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbà á pátápátá ní ọdún 1946, tiwọn ló sì jẹ́ títí di òní. Ní ti Waterloo, ìwé pélébé kan tó jáde ní Paris ní ọdún 1846 ló tan ìtàn yẹn kálẹ̀, ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n lẹ́yìn ogun náà, nígbà tí Nathan ti kú fún ọdún mẹ́wàá. Ẹni tó kọ ọ́ sì fi Satan ṣe orúkọ ìkọ̀wé ara rẹ̀. Nínú ìwé náà, Nathan fúnra rẹ̀ wà lójú ogun. Kò débẹ̀ rárá. Òótọ́ ni pé láti ọdún 1814 ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ti gbé iṣẹ́ fún un láti máa kó owó wúrà jọ fún àwọn ọmọ ogun Wellington, ọ̀gágun Gẹ̀ẹ́sì, ó sì ti kó ọ̀pọ̀ wúrà sílẹ̀ nítorí ó rò pé ogun náà yóò pẹ́. Nígbà tó parí kíákíá, wúrà ọwọ́ rẹ̀ di ẹrù sí i lọ́rùn. Àwọn Nazi, ìyẹn ẹgbẹ́ Hitler ní Jámánì, tún gbé ìtàn Waterloo yìí jáde nínú sinimá ní ọdún 1940, ẹ sì mọ ohun tí wọ́n fẹ́ fi ojú àwọn Júù rí.

Bí a bá fẹ́ bi bàbá náà ní ìbéèrè tó gbóná, kò yẹ kí ó jẹ́ ti Waterloo. Ẹ jẹ́ kí a bi í léèrè ibi tí owó Wilhelm ti wá. Ìdílé ọba Hesse máa ń fi àwọn ọmọ ogun wọn háyà fún ọba Gẹ̀ẹ́sì. Nínú wọn ni àwọn tó lọ jà ní Amẹ́ríkà nígbà ogun òmìnira wọn. Ọmọ tálákà lọ kú sókè òkun, owó wọ àpò ọmọ ọba, Mayer Amschel sì wà lára àwọn tó ń bá a pààrọ̀ ìwé owó tó tibẹ̀ wá. Nígbà tí Napoleon lé Wilhelm kúrò lórí ìtẹ́ ní ọdún 1806, àwọn ènìyàn sọ ọ́ di ìtàn pé Rothschild ri gbogbo ìṣúra ọba mọ́ inú ilẹ̀ ilé rẹ̀, ó sì dá a padà láìyọ kọ́bọ̀. Ibòmíràn ni wọ́n tọ́jú èyí tó pọ̀ jù nínú ìṣúra náà sí. Iṣẹ́ tí Rothschild ṣe ni pé ó ń bá ọba náà gba èlé owó tí àwọn èèyàn jẹ ẹ́, ó sì ń tọwọ́ Nathan fi owó rẹ̀ ra ìwé ẹ̀yáwó ìjọba Gẹ̀ẹ́sì.

Ohun kan tún wà tí àwọn tó ń sọ pé owó yìí lágbára lórí gbogbo ayé kì í rántí. Ní ọdún 1811, àwọn Júù Frankfurt dá 440,000 gulden jọ kí wọ́n lè fún wọn ní ẹ̀tọ́ bí ọmọ ìlú yòókù, Mayer Amschel sì wà nínú ọ̀rọ̀ náà gbọingbọin. Wọ́n gba owó, wọ́n sì fún wọn ní ẹ̀tọ́. Napoleon ṣubú, ìlú náà sì gba ẹ̀tọ́ padà lọ́wọ́ wọn. Ọdún 1864 ni wọ́n tó rí i gbà tán pátápátá.

Ọmọ Alágbẹ̀dẹ:

Ẹ ṣeun, Bàbá. N kò mọ̀ pé báńkì yẹn ti wà kí wọ́n tó bí i. Mo gba ti ọdún 1694 yẹn.

Àkàndé Oníwèé:

Nígbà tí a ti dé ọ̀dọ̀ Nathan, ẹ jẹ́ kí n fi ẹnu rẹ̀ gan-an sọ bó ṣe kúrò nílé. Òun ló sọ ọ́ fún Thomas Fowell Buxton, aṣòfin Gẹ̀ẹ́sì tó gbógun ti oko ẹrú, nídìí oúnjẹ ní ọdún 1834, Buxton kan náà tó wà nídìí ìrìnàjò ojú odò Ọya ti ọdún 1841 tí Àjàyí Crowther bá wọn lọ. Nathan ní oníṣòwò aṣọ kan láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wá sí Frankfurt, ó ń ṣe fọ́ńté bí ẹni pé ó ń ṣe wọ́n lóore, nígbà tí òun sì ṣẹ̀ ẹ́, ó kọ̀ láti fi àwòṣe aṣọ rẹ̀ han òun. Ọjọ́ Tuesday ni òun sọ fún bàbá òun pé òun ń lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ọjọ́ Thursday òun ti gbéra. Kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Manchester ló balẹ̀ sí, níbi tó ti rí i pé èrè mẹ́ta ló wà nínú aṣọ: ti òwú, ti aró, àti ti híhun. Òun bá ń ra òwú àti aró fúnra òun, òun ń kó o fún ahunṣọ, òun sì ń ta aṣọ lówó tó wálẹ̀ ju ti ẹnikẹ́ni lọ. Ìyálọ́jà, ẹ̀yin tí ẹ mọ aró, ẹ ó gbọ́ ọ yé jù mí lọ.

Ṣùgbọ́n ọ̀gá nínú òwò yìí kò mọ ìwé ìṣirò tọ́jú. Láti Frankfurt ni bàbá rẹ̀ ti ń kọ lẹ́tà sí i pé ìwé owó rẹ̀ rí jákujàku, kí ó gba akọ̀wé. Ọkùnrin tó lé ní ọgọ́ta ọdún ló ń fi lẹ́tà bá ọmọ rẹ̀ olówó wí lókè òkun! Èdè Jámánì ti àwọn Júù ni wọ́n ń kọ, lẹ́tà Hébérù ni wọ́n sì fi ń kọ ọ́, nítorí náà ẹni tó bá já a gbà lọ́nà kò ní tètè rí i kà. Nígbà tí bàbá kú, àwọn ọmọ kò dá ìwà yẹn dúró: Amschel wà ní Frankfurt, Salomon ní Vienna, Nathan ní Lọ́ńdọ̀nù, Carl ní Naples, James ní Paris, lẹ́tà sì ń lọ, lẹ́tà ń bọ̀. Wọ́n máa ń bú ara wọn nínú rẹ̀ dáadáa. Wọn kì í sì í tú àdéhùn ká, títún ni wọ́n ń tún un kọ. Ọfà márùn-ún tí ọwọ́ kan dì mú ni wọ́n fi ṣe àmì ìdílé wọn.

Àbíkẹ́ ní Bàhíà:

Mo ń ka ọ̀rọ̀ yín láti Salvador ní Brazil, inú mi sì dùn, ṣùgbọ́n ìran wa gbọ́dọ̀ rí ìdí kan fọwọ́ kàn nínú ìtàn yìí. Nígbà tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fòpin sí oko ẹrú nínú àwọn ilẹ̀ abẹ́ wọn, 20 mílíọ̀nù pọ́ùn ni wọ́n san gẹ́gẹ́ bí owó gbà-má-bínú. Àwọn olówó ẹrú ni wọ́n san án fún; ẹrú kò rí kọ́bọ̀. 15 mílíọ̀nù nínú owó náà, ẹ̀yáwó ni, Nathan Rothschild àti Moses Montefiore, tó fẹ́ àbúrò ìyàwó rẹ̀, ló ṣe agbátẹrù rẹ̀ ní ọdún 1835. Àwọn tó ń san owó orí nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò san gbèsè tó ti ibẹ̀ wá tán títí di ọdún 2015. Láti ọdún 1855, ilé Lọ́ńdọ̀nù yìí kan náà ló tún ń bá ìjọba Brazil wá ẹ̀yáwó, nígbà tí àwọn baba ńlá tèmi ṣì wà nínú oko ẹrú níbí, títí di 1888. N kò sọ pé Júù ló kó wa lẹ́rú. Ohun tí mò ń wí ni pé báńkì tí ìjọba bá rán níṣẹ́ kì í béèrè ẹni tí owó náà yóò dé ọwọ́ rẹ̀ àti ẹni tí kò ní dé ọwọ́ rẹ̀.

Ará Frankfurt:

Ọdún kẹsàn-án mi nìyí nínú ìlú tí ẹ ń sọ yìí, mo sì máa ń gba ẹ̀gbẹ́ itẹ́ òkú àtijọ́ ti àwọn Júù kọjá tí mo bá ń lọ síbi iṣẹ́. Ibẹ̀ ni wọ́n sin Mayer Amschel sí. Lára ògiri tó yí itẹ́ náà ká, wọ́n ri àwọn irin kéékèèké mọ́ ọn, ó lé ní 11,000, ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú orúkọ Júù kan láti Frankfurt tí àwọn Nazi pa. Irin náà yọrí síta díẹ̀ kí ènìyàn lè rí ibi gbé òkúta wẹ́wẹ́ lé, nítorí òkúta ni wọ́n ń gbé síbi tí àwa ìbá gbé òdòdó sí. Bí òjò bá rọ̀, òkúta á jábọ́ sí ìsàlẹ̀ ògiri. Ẹni tó bá ń kọjá á ṣà á, á sì dá a padà.

Ilé tí Mayer Amschel kú sí, ilé asà aláwọ̀ ewé, kò sí mọ́. Tẹ́ẹ́rẹ́ ni ilé náà. Gutle ìyàwó rẹ̀ kọ̀ láti kúrò níbẹ̀ nígbà tí àwọn ọmọ rẹ̀ ti ń kọ́ ààfin kiri. Ibẹ̀ ló kú sí ní ọdún 1849, ẹni ọdún 95. Nígbà tí wọ́n wó àwọn ilé òpópónà náà, wọ́n dá ilé yìí sí, wọ́n sọ ọ́ di ilé ohun ìrántí, bọ́ǹbù sì fọ́ ọ ní ọdún 1944. Báńkì Frankfurt fúnra rẹ̀ ti kógbá sílé láti ọdún 1901, nítorí àwọn ọkùnrin ìran tó wà nídìí rẹ̀ kò bí ọmọkùnrin. Ọmọbìnrin wà ńlẹ̀.

Ìyálọ́jà Kékeré:

Ẹ gbọ́ o! Ọmọbìnrin wà ńlẹ̀, wọ́n sì ti ilẹ̀kùn báńkì.

Oníṣirò:

Wọ́n tì í lóòótọ́, Ìyálọ́jà. Òfin inú ìwé ìhágún yẹn náà ló mú kí wọ́n máa fẹ́ ara wọn nínú ìdílé, kí owó má bàa bá ọmọbìnrin lọ sílé ọkọ. James fẹ́ ọmọ Salomon ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní ọdún 1824. Nígbà tí Hannah Mayer, ọmọ Nathan, fẹ́ Kristẹni kan ní ọdún 1839, ọ̀pọ̀ nínú ìdílé náà ni kò yà sí ibi ìgbéyàwó.

Ṣùgbọ́n mo ní ìròyìn kan tí yóò dùn mọ́ yín nínú. Ilé òwò kan wà ní Geneva tó jẹ́ ti àrọ́mọdọ́mọ James, Edmond de Rothschild lorúkọ rẹ̀. Ní ọdún 2015, Ariane de Rothschild di olórí ìgbìmọ̀ aláṣẹ rẹ̀, nígbà tó sì di ọdún 2023 ó di ọ̀gá àgbà pátápátá. Kì í ṣe ọmọ ilé. Ìyàwó ilé ni, Benjamin tó kú ní ọdún 2021 ni ọkọ rẹ̀. Mayer Amschel ti ọmọ rẹ̀ obìnrin síta, ó ti ọkọ ọmọ rẹ̀ síta, kò rántí kọ ti ìyàwó ọmọ sínú ìwé.

Ìyálọ́jà Kékeré:

Ìyàwó ilé! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi da ọ̀rọ̀ yín yìí kọ sí ìwé kan ṣoṣo kí n lè tẹ̀ ẹ́ jáde. A ní ìpàdé ẹbí lọ́jọ́ Saturday tó ń bọ̀, àwọn ẹ̀gbọ́n mi yóò jókòó, n ó sì kà á fún wọn láti òkè dé ilẹ̀.